Ta Ló Ni Ọmọ Yìí? Àlàyé Lórí Àṣà àti Ìdàgbà Nínú Ìwé Ìtàn Àròsọ Amẹ́ríkà

Láti ọdún 2021 títí dé 2025, Invisible Man tí Ralph Ellison kọ wà lára àwọn ìwé tí WAEC yàn fún àwọn tó ń ṣe Lítíréṣọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà nípọn, ó sì ti da ọ̀pọ̀ ọmọ SS3 lórí rú. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà kò dárúkọ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá àgbà rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tó ń kú lọ, kò sì yé ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọmọ náà kúrò nílé, ìyà jẹ ẹ́ láti ìlú kan dé òmíràn, nígbà tí ìwé máa fi parí, inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ló wà, òun nìkan. Olùkọ́ á wá sọ fún kíláàsì pé ìtàn bí ọmọ ṣe di àgbà nìyẹn. Òbí tó bá gbọ́ á béèrè pé irú àgbà wo rèé?

Èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà kò ka àṣà sí, pé ohun tí ìwé wọn ń kọ́ ọmọ ni kó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ síbi tó wù ú. Èsì yẹn rọrùn láti sọ, àmọ́ kò tọ̀nà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka mélòó kan nínú àwọn ìwé yìí yóò rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kí ìjà wà láàárín ọmọ àti àṣà lásán. Àṣà méjì, tàbí àgbà méjì, ló máa ń du ọmọ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ọmọ bá mọ ohun tó máa gbà lọ́wọ́ ti ìhín àti ohun tó máa gbà lọ́wọ́ ti ọ̀hún, tó sì gbà pé òun lòun máa ru ẹrù rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló dàgbà.

Kí ni ìtàn ìdàgbà?

Ìtàn ìdàgbà ni ìwé ìtàn àròsọ tó ń tẹ̀ lé ẹnì kan láti ìgbà èwe títí dé ìgbà tó lè dá ìpinnu ṣe, tó sì lè fara da ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde. Àwọn ará Jámánì ní orúkọ kan fún un tí àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé ń lò, Bildungsroman, àmọ́ kò pọn dandan kí ẹ há a sórí. Kò sí iye ọdún kan pàtó tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Nínú ìwé kan tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ náà kò tíì pé ọdún méje. Nínú òmíràn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Nínú Song of Solomon tí Toni Morrison kọ ní 1977, ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ló ṣì ń wá ọ̀nà bí yóò ṣe dàgbà.

Àṣà tí mo ń sọ níbí gbòòrò ju aṣọ àti ijó lọ. Èdè wà nínú rẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ẹ̀sìn, iṣẹ́ ìdílé, òfin, àti ìtàn ibi tí àwọn baba ńlá ẹni ti wá.

Kí ló wá dé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi kọ irú ìwé yìí tó bẹ́ẹ̀? Orílẹ̀-èdè náà kò ní ètò kan ṣoṣo tó ń sọ ọmọ di àgbà. Òfin wọn pàápàá kò fẹnu kò: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọmọ ọdún 16 lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, láti ọdún 1971 ni ọmọ ọdún 18 ti ń dìbò, ọmọ ọdún 21 ló sì lè ra ọtí. Àwọn Júù ní tiwọn tí wọ́n ń ṣe fún ọmọkùnrin tó bá pé ọdún 13. Àwọn tó wá láti Mẹ́síkò ń ṣe àjọ̀dún fún ọmọbìnrin tó bá pé 15. Àwọn Apache, tó wà lórí ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé, máa ń fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ètùtù fún ọmọbìnrin tó bá bàlágà. Gbogbo wọn sì ń gbé àdúgbò kan náà, ọmọ wọn ń lọ sí ilé-ìwé kan náà.

Ẹ fi wé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹbí bàbá mú orúkọ wá, ẹbí ìyá mú tiwọn wá, ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn náà á sọ owó sínú omi, á pe tirẹ̀. Ọmọ kan gba orúkọ mẹ́jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Gbogbo orúkọ náà ló tọ́ sí i, àmọ́ ó máa pẹ́ kó tó mọ èyí tó máa jẹ́ síta.

Ta ló máa sin ibi ọmọ náà?

Bless Me, Ultima ni ìwé tí mo rò pé ó máa tètè yé Yorùbá jù lọ. Rudolfo Anaya ló kọ ọ́, ó jáde ní 1972. New Mexico ni ìtàn náà ti wáyé, lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, láàárín àwọn tí ìran wọn ti ń sọ èdè Sípéènì níbẹ̀ kí ilẹ̀ náà tó bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní 1848. Antonio lorúkọ ọmọ náà. Ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ultima wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìyá yìí mọ ewé, ó mọ egbò, ó ń gbẹ̀bí, ó sì ń wo aláìsàn tí dókítà ti pa tì. Òun náà ló gbẹ̀bí Antonio.

Àwọn Márez, ìyẹn ìdílé bàbá Antonio, ẹlẹ́ṣin àti darandaran ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn kì í gbélé. Àwọn Luna, ìdílé ìyá rẹ̀, àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń wo òṣùpá kí wọ́n tó gbin nǹkan, wọn kì í sì í pariwo. Bàbá ń rò ó pé ọmọ yìí á gun ẹṣin káàkiri pápá bíi tàwọn baba rẹ̀. Ìyá fẹ́ kó di àlùfáà Kátólíìkì, kó padà wá máa bójú tó àwọn àgbẹ̀ Luna.

Ní orí kìíní, Antonio lálàá, ó sì rí ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Àwọn Luna kọ́kọ́ dé, wọ́n kó èso, àgbàdo àti ata wá, wọ́n fi ilẹ̀ dúdú kan ọmọ náà níwájú orí. Kò pẹ́ tí àwọn Márez fi já wọlé lórí ẹṣin, wọ́n ń yìnbọn sókè. Wọ́n fọ́ àwọn èso náà yángá, wọ́n nu ilẹ̀ kúrò níwájú orí ọmọ, wọ́n gbé gàárì ẹṣin àti gìtá kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá kan ibi. Àwọn Luna ní kí wọ́n gbé e fún àwọn, àwọn yóò sin ín sínú oko àwọn kí ọmọ lè di àgbẹ̀. Àwọn Márez ní ó tì o, kí wọ́n sun ún, kí afẹ́fẹ́ pápá gbé eérú rẹ̀ lọ. Ó kù díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ kí ìyá agbẹ̀bí tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní òun tí òun fa ọmọ náà jáde sí ìmọ́lẹ̀ ayé ni yóò sin ibi rẹ̀, àti pé òun nìkan ni yóò mọ ibi tí ayé rẹ̀ ń lọ.

Ẹni tó bá dàgbà láàárín àwọn tó ń sọ pé ibi tí wọ́n sin ìwọ́ òun sí ni ilé òun, kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi lè torí ibi jà. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé ìyá náà kò gbé e fún apá kankan. Ìdájọ́ yìí ni gbogbo ìwé náà dúró lé. Antonio rí i tí wọ́n pa èèyàn lójú rẹ̀ létí odò. Arákùnrin ìyá rẹ̀ ṣàìsàn tí ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀. Dókítà tì, àlùfáà tì, Ultima ló wò ó sàn, Antonio gan-an ló sì fi ṣe igbákejì ara aláìsàn náà, tí ọmọ ń jìyà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ibùsùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí odò láti wo ẹja aláwọ̀ wúrà kan tí wọ́n ní òrìṣà ni. Ó gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró kí Ọlọ́run dá òun lóhùn, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ òǹkọ̀wé tó ń kánjú á ti mú kí ọmọ yìí yan ọ̀kan. Anaya kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Antonio bi Ultima léèrè ohun tó yẹ kó gbà gbọ́, ìyá náà kọ̀ láti sọ fún un. Ó ní bàbá àti ìyá rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tiwọn nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn ni, àmọ́ òun kò lè sọ. Lápá ìparí, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ jáde níwájú bàbá rẹ̀: ṣé èèyàn kò lè mú pápá àti àfonífojì, kó mú Ọlọ́run àti ẹja wúrà, kó fi gbogbo rẹ̀ ṣe nǹkan tuntun? Bàbá tó ti ń bá ìyá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò ta kò ó.

Kí ló dé tí oúnjẹ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwé yìí?

Torí pé ibi oúnjẹ ni ọmọ ti kọ́kọ́ máa ń rí i pé àṣà ilé òun yàtọ̀ sí ti ìta. Lọ́jọ́ tí Antonio kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹun ọ̀sán, ó tú ẹ̀wà àti ata tí ìyá rẹ̀ fi àkàrà pẹlẹbẹ wé fún un. Àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì fi í rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó bá àwọn ọmọ méjì kan níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún, wọ́n sì jọ dúró síbẹ̀.

Ti Ellison tún ní ẹ̀rín nínú. Ẹni tó ń sọ ìtàn nínú Invisible Man ti dé New York, ó sì ti ń ṣe bí ẹni tí kò mọ oúnjẹ gúúsù, ibi tó ti wá, rí, kí wọ́n má bàa pè é ní ará oko. Láàárọ̀ ọjọ́ òtútù kan ní Harlem, ó rí bàbá kan tó ń ta iṣu sísun lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Iṣu tí wọ́n ń sọ yìí, kì í ṣe irú tiwa o, ànàmọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Òórùn rẹ̀ mú un rántí ilé. Bàbá náà la ọ̀kan, ó da bọ́tà gbígbóná lé e, ọmọkùnrin náà sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń rìn lọ láàárín títì, lójú gbogbo èèyàn. Lójijì ló rí i pé òun ti pa ọ̀pọ̀ ohun tó wu òun tì nítorí ìtìjú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fojú inú wo ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga tó lé e kúrò, bí yóò ṣe tijú tó tí ẹnì kan bá na ìfun ẹlẹ́dẹ̀ síta níbi tí èrò wà, tó ní oúnjẹ tó ń jẹ ní kọ̀rọ̀ nìyí.

Ó padà lọ ra méjì sí i. Èyí tó jẹ gbẹ̀yìn korò lẹ́nu rẹ̀, ìrì dídì ti bà á jẹ́. Ellison kò gbà kí á rò pé kí èèyàn ṣáà ti padà sídìí oúnjẹ ilé, gbogbo rẹ̀ ti tán. Mo fẹ́ràn ìlà yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá tó wà nínú ìwé náà lọ.

Bí ọ̀rọ̀ àgbà kò bá yé ọmọ ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ bàbá àgbà inú Invisible Man yẹn ti wọlé. Oko ẹrú ni wọ́n ti tú òun àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí ẹni pẹ̀lẹ́ tí kì í bá òyìnbó fa wàhálà. Nígbà tó ń kú lọ, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì sọ pé ogun ni ayé àwọn, pé amí lòun jẹ́ nílẹ̀ ọ̀tá ní gbogbo ọjọ́ ayé òun. Ó ní kí wọ́n máa fi "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ṣẹ́gun wọn, kí wọ́n máa fi ẹ̀rín gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó ní kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ará ilé lé àwọn ọmọdé síta, wọ́n ní wọn kò gbọ́dọ̀ rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ kò lè gbàgbé. Ó ń ṣe bí ọmọlúàbí níwájú àwọn funfun, wọ́n ń yìn ín, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí ó ń rò ó pé bóyá ohun tí bàbá àgbà pè ní ọ̀dàlẹ̀ gan-an lòun ń ṣe láìmọ̀. Lẹ́yìn tó jáde ilé-ìwé girama, wọ́n pè é kó wá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa ìrẹ̀lẹ̀ fún àwọn ọlọ́lá ìlú. Kí ó tó ráyè kà á, wọ́n fi aṣọ di òun àti àwọn ọmọkùnrin dúdú mìíràn lójú, wọ́n ní kí wọ́n máa lu ara wọn. Wọ́n da owó sórí kápẹ́ẹ̀tì tí iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ṣa á. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ náà. Wọ́n wá fún un ní báàgì aláwọ kan, ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó lálàá, bàbá àgbà ní kó ṣí àpò ìwé kan. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá rí i máa mú ọmọ dúdú yìí sáré kiri.

Àgbà méjì ló ń fa ọmọ yìí: ilé-ìwé tó ní kó máa fara balẹ̀ gòkè, àti òkú tó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìwé náà ló fi ń tú ọ̀rọ̀ òkú náà wò. Ó ṣì ń tú u wò ní orí ìparí, ó sì ti ní ìtumọ̀ mélòó kan fún un nígbà náà. Ìmọ̀ràn kan fún ẹni tó ń múra ìdánwò: ọ̀rọ̀ tó ṣáájú orí kìíní, ẹ̀yìn tí gbogbo nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán ló ti ń sọ ọ́. Ẹ fò ó, ẹ kà á gbẹ̀yìn.

Dídákẹ́ náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Nínú The Chosen, tí Chaim Potok kọ ní 1967, àwọn Júù ẹlẹ́sìn gbígbóná ní Brooklyn ní bàbá ìsìn kan, ipò rẹ̀ sì máa ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Bàbá yìí kì í bá Danny ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá jókòó ti ìwé mímọ́. Danny ń yọ́ lọ kàwé ìmọ̀ nípa ọkàn èèyàn ní ilé ìkàwé. Nígbà tó ṣe, bàbá ṣàlàyé pé ọpọlọ ọmọ náà mú jù, òun sì fẹ́ kó mọ ìrora kó lè ní àánú. Ó jẹ́ kó lọ, àbúrò rẹ̀ ni yóò jẹ oyè náà. Ní tèmi, ọ̀nà ìtọ́mọ yẹn le jù, Potok náà sì jẹ́ kí bàbá tọrọ àforíjì.

Ṣé gbogbo ohun tí àgbà bá fi lélẹ̀ ló dára?

Rárá. Ìwé Adventures of Huckleberry Finn tí Mark Twain kọ, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1885, ti sọ ọ́ kedere: àṣà tí wọ́n fi tọ́ Huck ni pé ẹrú jẹ́ ohun ìní, pé ẹni tó bá ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá lọ máa wọ ọ̀run àpáàdì. Ó gbà á gbọ́, ó sì yàn láti lọ sí ọ̀run àpáàdì náà kàkà kó fi Jim, ẹrú tó ń sá lọ, hàn. Inú ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí i pé ọmọ Amẹ́ríkà máa ń sá lọ. Wọn kì í béèrè ohun tó ń sá fún.

Ti Zora Neale Hurston ló ṣòro jù láti dá lẹ́jọ́. Nínú Their Eyes Were Watching God, tó jáde ní 1937, ìyá àgbà kan tí wọ́n bí sóko ẹrú ló tọ́ Janie. Ọ̀gá ìyá àgbà náà ló fún un lóyún. Olùkọ́ ilé-ìwé kan sì fipá bá ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ìyá Janie, lò pọ̀. Lọ́jọ́ tó rí Janie, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ọmọkùnrin kan fẹnu kò ó lẹ́nu lẹ́nu géètì, ó yára fà á fún àgbàlagbà kan tó ní ilẹ̀ ọgọ́ta éékà. Ààbò ni ìyá náà ń rò. Ta ló máa sọ pé kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀? Síbẹ̀ ọjọ́ dé tí Janie sọ ọ́ ní ọkàn ara rẹ̀ pé òun kórìíra ìyá àgbà òun, nítorí ó fi ìbẹ̀rù tirẹ̀ dí òun lójú. Ó lọ́kọ mẹ́ta, ó la ìjì ńlá já ní Florida, ó tó ẹni ogójì ọdún kó tó padà dé, tó jókòó lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un bí àwọn obìnrin ìlú náà ṣe máa ń sọ ìtàn. Ohùn àwọn àgbà Eatonville, níbi tí Hurston fúnra rẹ̀ gbé dàgbà, ló fi sọ ọ́. Janie kọ̀ láti gba ìmọ̀ràn ìyá àgbà, àmọ́ ó mú ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ rẹ̀ dání.

Kí ni ti òfin nínú ọ̀rọ̀ ìdàgbà?

Ẹ wo The Round House, tí Louise Erdrich kọ ní 2012, tó sì gba ẹ̀bùn National Book Award lọ́dún náà. Joe, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọ Ojibwe ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó wà lórí ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé, ní North Dakota, ní 1988. Ẹnì kan kọlu ìyá rẹ̀, ó fipá bá a lò pọ̀. Adájọ́ ilé ẹjọ́ ẹ̀yà wọn ni bàbá rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ bàbá kò tó ọ̀daràn náà. Ìdí rẹ̀ ni pé oríṣiríṣi ilẹ̀ ló pàdé nítòsí ilé ìsìn àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ti ẹ̀yà, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀, kálukú pẹ̀lú òfin tirẹ̀, ìyá náà kò sì lè sọ orí èyí tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ ní 1978 pé ilé ẹjọ́ ẹ̀yà kò lè fi ẹ̀sùn ọ̀daràn jẹ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà níyà. Kì í ṣe àròsọ, òfin gidi ni. Ọdún 2013 ni wọ́n tó tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé.

Joe ní ìtàn àtijọ́ lọ́wọ́ kan, èyí tí bàbá àgbà rẹ̀ ń sọ lójú oorun nípa wiindigoo, ẹ̀mí burúkú tó ń jẹ èèyàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa. Ó ní ìwé òfin bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ó yan ìbọn. Erdrich kò pàtẹ́wọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dá a lẹ́bi.

Kí ló dé tí àwọn ilé-ìwé kan fi ń yọ àwọn ìwé yìí kúrò?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn láti ọ̀nà jíjìn lójú. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fòfin de àwọn ìwé yìí. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé àdúgbò ló sábà máa ń yọ ìwé kúrò, òbí kan ṣoṣo sì lè kọ ẹ̀sùn. Ní September 2013, ìgbìmọ̀ Randolph County ní North Carolina yọ Invisible Man kúrò ní ilé ìkàwé àwọn ilé-ìwé wọn. Ariwo ta, wọ́n sì dá a padà nínú oṣù kan náà. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan Bless Me, Ultima náà pé èébú pọ̀ nínú rẹ̀, pé ó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ àjẹ́. Síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fún Anaya ní àmì ẹ̀yẹ National Humanities Medal lásìkò Ààrẹ Obama. Nínú ìwé àti níta ìwé, àgbà méjì ṣì ń fa ọmọ.

Ṣé Yorùbá wà nínú rẹ̀?

Ó wà. Kí Hurston tó kọ ìtàn Janie, ó ti lọ jókòó ti bàbá arúgbó kan lẹ́bàá Mobile ní Alabama, ní 1927 àti 1928. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kossola ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Àwọn onítàn gbà pé ọmọ Yorùbá ni, láti apá Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó o, ọkọ̀ ojú omi Clotilda sì gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1860, lẹ́yìn tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ fún ọdún méjìléláàádọ́ta.

Ó sọ fún Hurston bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sára ọmọbìnrin kan lọ́jà, tí àgbà kan rí i, tó sì lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ yìí ti ń di ọkùnrin. Wọ́n mú un wọlé, ó ń gbọ́ nǹkan kan tó ń ké ramúramù níta. Igi àti okùn ni wọ́n ń fì. Yorùbá tó bá ka ibẹ̀ mọ ohun tó ń sọ; n kò ní la ẹnu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún un ní ìyẹ́ ọ̀kín lẹ́yìn náà. Ó ní òun rí àwọn èèyàn tó ń fi ìyẹ́ ọ̀kín ṣe ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, pé nílé, ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ gbọ́n kó tó lè wọ̀ ọ́. Ìròyìn ìgbésí ayé ni ìwé náà, Barracoon, kì í ṣe àròsọ. Ilé ìtẹ̀wé ní kí Hurston tún ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá náà ṣe, ó kọ̀, ìwé náà kò sì jáde títí di 2018.

Ọdún kan náà yẹn ni Tomi Adeyemi, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde. Zélie, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọmọ Ọya, ń wá ọ̀nà láti dá agbára tí ọba gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ padà. Salvador ní Brazil ni Adeyemi ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tó mú ìtàn náà sọ sí i lọ́kàn. Àwọn ará ilé kan bínú pé ó to orúkọ òrìṣà àti ìlú wa bó ṣe wù ú. Lóòótọ́, ẹni tó bá ń wá Ìbàdàn tòótọ́ níbẹ̀ kò ní rí i. Èmi kò bínú. Ohun tó bá gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti Èkó, tó ya Brazil, tó dé California, kò ṣeé ṣe kó dé bó ṣe kúrò nílé.

Èwo ni kí èèyàn kọ́kọ́ kà?

Ẹ má fi Ellison bẹ̀rẹ̀. The House on Mango Street, tí Sandra Cisneros kọ ní 1984, ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Chicago ni, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Esperanza ló ń sọ ọ́, àwọn orí rẹ̀ kúrú, òmíràn kò ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ ìyá ńlá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n fipá gbé obìnrin náà lọ sílé ọkọ, ojú fèrèsé ló sì jókòó sí títí ó fi lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán. Esperanza ní òun jogún orúkọ ìyá náà, àmọ́ òun kò fẹ́ jogún àyè tó jókòó sí lójú fèrèsé. Òbí lè kà á pẹ̀lú ọmọ tó ti wọ ilé-ìwé girama, orí méjì tàbí mẹ́ta lálẹ́ kan. Kí òbí kọ́kọ́ dá a kà tán o, nítorí ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ wà lápá ìparí, ọmọ á sì ní ìbéèrè.